Ìwé Ìbọn Kò Tíì Jáde: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Òfin Ìkówọlé Ìbọn

Ìbọn ni ṣakabùlà tí ọdẹ gbé kọ́ èjìká, ìbọn náà ni AK-47. Nínú ìròyìn Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló sábà máa ń ru gbogbo wọn, àfi tí akọ̀ròyìn bá fi "ńlá" tàbí "olóró" lé e. Kò sí wàhálà níbẹ̀ tó bá jẹ́ ìròyìn adigunjalè là ń kà, nítorí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí kì í bèèrè irú èyí tó jẹ́. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti òfin, pàápàá òfin Amẹ́ríkà lórí ìbọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun, "ìbọn" nìkan kò tó í sọ. Ilé iṣẹ́ kan lè máa dúró de ìwé àṣẹ títí á fi sú wọn nítorí igi ìdí ìbọn lásán, tàbí nítorí iye ọta tó lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó máa fi ibi tí òfin pa ààlà sí hàn. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, lọ́dọ̀ ọdẹ, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti nínú òwe. Ìwọ̀nba la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan tó ti parí ká fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1989, ọkùnrin kan wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Stockton, ní California, pẹ̀lú ìbọn irú AK tí wọ́n ṣe ní China, ó sì pa ọmọ márùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, ATF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọtí, tábà, ìbọn àti ohun abúgbàmù, ti dá kíkó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọlé dúró. Ní oṣù Keje wọ́n ní oríṣi 43 kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Òfin tí wọ́n gùn lé ni èyí tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù ní 1968. Norinco, ilé iṣẹ́ China tó ń ṣe irú AK náà, padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ ogun há ẹnu ìbọn. Wọ́n yọ ọwọ́ ìdìmú tó yọ sísàlẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ igi ìdí tuntun tó ní ihò láàárín, kí àtàǹpàkò lè gba inú rẹ̀ kọjá. MAK-90 ni wọ́n pè é: M ń sọ pé wọ́n ti yí i padà, 90 sì ni 1990. Ó rí àṣẹ gbà, ó wọlé, wọ́n sì ń tà á títí di 1994 tí Ààrẹ Clinton ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbọn China.

Kí ni ká pe irú ìbọn tí wọ́n ṣe báyìí? "Àtúnṣe" ló máa kọ́kọ́ wá séèyàn lẹ́nu, ó sì lè ṣini lọ́nà. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ìbọn yìí kò bàjẹ́, òfin ni kò gbà á. "Àtúnrọ" dùn ún gbọ́, torí alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ìbọn, ṣùgbọ́n irin kọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn jù lára MAK-90. Igi ni, gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì jẹ iṣẹ́ náà. "Àtúntò" ni mo fara mọ́. Àwọn olóṣèlú wa ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe orin tó sú etí, àmọ́ ìyẹn ò ní ká jù ú nù. Ìbọn àtúntò ni ìbọn tí wọ́n tún ẹ̀yà ara rẹ̀ tò kó lè bá òfin mu, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ irin.

Ká ṣọ́ra fún "tòkunbọ̀" náà. Òótọ́ ni pé ohun tó ti òkun bọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn mọ̀ pé ẹlòmíràn ti lò ó rí. Ìbọn tuntun kì í ṣe tòkunbọ̀. Ìbọn àkówọlé ni, ká fi tòkunbọ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti fíríìjì.

Ráífù, irú ìbọn tí MAK-90 jẹ́, ńkọ́? Inú ọ̀pá rẹ̀ ló ti yàtọ̀, níbi tí ojú kò tó. Bí olóólà ṣe ń fi abẹ kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi irin kọ ilà sínú ọ̀pá náà, ilà tó lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Tí ọta bá ń jáde, ilà yìí á mú un yí bírí, á sì lọ tààrà dé ọ̀nà jíjìn. Inú ṣakabùlà ní tirẹ̀ dán bọ̀rọ́. Àwọn baba ńlá wa mọ ìyàtọ̀ yìí lójú ogun. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kọjú ìjà síra wọn láti 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó bá wọn wá ráífù ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí kì í ṣe láti ẹnu. Ìró ìbọn tó ń dún kíkankíkan ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ní 1890, àwọn ìjọba ńláńlá pàdé ní Brussels, wọ́n ká kíkó ìbọn onílà lọ́wọ́ kò ní Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù. Wọ́n fàyè gba ìbọn tó ń fi òkúta ṣáná, tí inú rẹ̀ kò nílà. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ààlà wọn gbáko. Òfin ìkówọlé ìbọn ti dé èbúté wa kó tó dé Stockton, a kàn ò fún un lórúkọ ni. Akọlà ni ẹni tó mú abẹ dání, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sì ti gba "abilà" lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pe ráífù ní ìbọn onílà-nínú.

Òwe kan wà tí gbogbo wa ń pa: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ òun? Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa á pé kí ni apátí. Irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún ni, ó sì yẹ kó jáde látinú òwe wá sínú ìwé ìròyìn, torí òun ni òfin fi ń ya ìbọn sọ́tọ̀. Nínú irú MAK-90, tí èèyàn bá fa apátí lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde. Èéfín gbígbóná tó ń lé ọta náà lọ á ti irin inú ìbọn sẹ́yìn, irin náà á ju èèpo ọta tó ti ṣófo nù, á tún padà síwájú, á gbé ọta mìíràn sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìka fà, ìyókù lọ́wọ́ ìbọn ló wà. Ọdẹ ló ń ki ṣakabùlà. Eléyìí ń ki ara rẹ̀. Ìbọn akira-ẹni ni mo pè é.

Èyí tí ìka kàn máa wà lórí apátí rẹ̀, tí ọta á máa tú jáde láìdúró, òun làwọn akọ̀ròyìn ti bá wa sọ lórúkọ láìmọ̀, nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé àwọn agbébọn rọ̀jò ọta. Ìbọn arọ̀jò-ọta nìyẹn. Láti 1934 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin ọ̀tọ̀ fún un. Tí a bá pe akira-ẹni ní arọ̀jò-ọta, òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń retí pé wọ́n á gbà á láyè ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le jù ni gbólóhùn kan nínú òfin 1968 náà. Ó ní ìbọn tó máa wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ káàkiri pé ó dára ní pàtàkì fún eré ìdárayá, tàbí tó ṣeé yí padà wẹ́rẹ́ fún un. Eré ìdárayá ni ìwé atúmọ̀ èdè máa fún wa. Ẹ kà á sétí ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo, bọ́ọ̀lù ló máa rò, tàbí eré sísá. Kò ní ro ọdẹ. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ni ọdẹ, iṣẹ́ Ògún. Ó ní ìjálá, ó ní èèwọ̀, ó ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n ń sun nígbà tí ọdẹ bá papò dà. Ẹ sọ fún olúọdẹ pé eré ló ń ṣe nínú igbó, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọdẹ gan-an ni eré tí òfin Amẹ́ríkà ní lọ́kàn, òun àti ìdíje tí àwọn ayìnbọn ti máa ń ta ojú àmì lábẹ́ ìlànà.

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò fẹnu kò lórí ohun tí eré jẹ́. Ní 1989, ìbéèrè yẹn ló wà níwájú ìgbìmọ̀ ATF. Ọ̀pọ̀ oníbọn ló máa ń lọ sí pápá, tí wọ́n á to agolo jọ, tí wọ́n á máa yìnbọn lù ú. Ṣé ìyẹn kì í ṣe eré? Ìgbìmọ̀ náà ní rárá, fàájì nìyẹn. Ìdáhùn wọn rọrùn láti sọ ní Yorùbá ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ, torí a ti ya fàájì kúrò lára ìdíje tipẹ́. Nítorí náà, èmi ò ní kọ "eré ìdárayá" rárá. Màá kọ ọ́ báyìí: ìbọn tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó yẹ fún ọdẹ ṣíṣe tàbí ìdíje ìbọn yíyìn. Ẹnìkan lè ní mo ti sọ ju ohun tó wà nínú ìwé òfin. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń fọwọ́ sí i ṣe ń kà á nìyẹn.

Ní oṣù Kẹrin 1998, ààlà náà tún sún. Kì í ṣe igi ìdí ni wọ́n ń wò mọ́, ibi tí ọta ń wà ni. Ìbọn akira-ẹni tó bá lè lo àpótí ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn ológun, tó ṣeé yọ, tó sì ń gbà ju ọta 10 lọ, kò yẹ fún ọdẹ àti ìdíje mọ́ lójú ATF. Ihò àtàǹpàkò kò gbani mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá ṣe ojú ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́ ní tóóró, kí ti ológun má lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ìwé. Ohun tí mo pè ní àpótí níbí ní orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apó ni tafàtafà ń kó ọfà sí. Apó ọta ni ká máa pè é, kí òǹtẹ̀wé má sì ṣì í kọ ní àpò.

Ó ku ìdúró fúnra rẹ̀. "Ìfọwọ́sí" là ń lò fún gbogbo rẹ̀, kò sì jẹ́ ká mọ ẹnu ọ̀nà tí ìbọn wà. ATF lè kọ́kọ́ gbà kí ìbọn kan ṣoṣo wọlé pẹ̀lú àdéhùn, kí àwọn onímọ̀ wọn ní Martinsburg, ní West Virginia, lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbọn àyẹ̀wò nìyẹn, ohun tí wọ́n bá sì sọ nípa rẹ̀ ni ìpinnu. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ìkówọlé, èyí tí wọ́n ń fi Fọ́ọ̀mù 6 béèrè. Tí ọjà bá wá dé èbúté, ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè ni ọ̀rọ̀ kù sí, ará Èkó á sì sọ pé wọn ò tíì kílíà ẹrù. Ìpinnu, àṣẹ, kílíà: ẹ má jẹ́ ká kó wọn pọ̀. Ní ti ìdúró, kò sí ohun tí a máa dá. Ẹni tó ń retí físà, ẹni tó ń retí nọ́ńbà NAFDAC fún ọṣẹ tó ṣe, gbogbo wọn ló ń sọ pé ìwé kò tíì jáde. Oníbàárà á bi òǹtajà ìbọn léèrè pé, "Ṣé ẹ ti rí i gbà?" Òun náà á ní, "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán o, ìwé ni kò tíì jáde."

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó ń ka èyí, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìbọn ṣì wà láìlórúkọ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni igi ìdí tó ní ihò. Tí wọ́n bá ní orúkọ ní àgbègbè yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ tó dára ju akira-ẹni lọ, kó mú un wá.