Fíìmù Tó Dé Fìdítì

Ẹni tó bá ń wo ìtàn fíìmù Yorùbá láti Èkó lè rò pé dídán àwòrán ló ń ti iṣẹ́ náà síwájú. Bí a bá dúró sí Fìdítì tàbí Ìlọrà, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀tọ̀ lohun tí a ó rí. Fíìmù Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976 hàn kedere ju ohunkóhun tí káṣẹ́ẹ̀tì fídíò gbé wá lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ ńlá àti ẹni tí yóò máa gbé e kiri. Tí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́, kò kù nílé ẹnikẹ́ni. Ọdún 1976 yẹn náà ni káṣẹ́ẹ̀tì fídíò VHS jáde ní Japan, pẹ̀lú nǹkan bí ìlà 240 péré fún àwòrán. Òun ló wọ yàrá àwọn èèyàn.

Bí wọ́n ṣe ń di àwòrán pọ̀ ló pinnu ohun tí ìlú kékeré rí wò, ju bí àwòrán ṣe tóbi tó lọ. Ẹ wo síídì fídíò, ìyẹn VCD, tí wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1993: píksẹ̀lì 352 ní ìbú, 288 ní òró. Kò dán ju VHS lọ. Bí ijó bá gbóná nínú eré, ojú àwòrán á di onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́. Àmọ́ ọgbọ́n ìdìpọ̀ tí wọ́n ń pè ní MPEG-1 máa ń yọ ohun tí ojú kò ní tètè fura sí kúrò, títí ìṣẹ́jú 74 fi gba orí síídì kan. Ìdí nìyẹn tí eré wákàtí méjì fi ń wá ní síídì méjì nígbà náà.

Ẹnì kan lè ní owó pọ́ọ́kú ló mú VCD tà. Káṣẹ́ẹ̀tì náà kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá da káṣẹ́ẹ̀tì kọ látinú ẹ̀dà ẹ̀dà, ojú òṣèré á máa ṣú lọ ni, nígbà tí ẹ̀dà síídì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n rà ní ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó náà ni ará Ìlọrà wò. Àwọn tó ń ṣe fíìmù á dáhùn pé ohun tó pa àwọn gan-an nìyẹn, torí olè náà ń dà á kọ láìbàjẹ́. Òótọ́ ni, n kò sì rí èsì tó lè tù wọ́n nínú.

DVD dé pẹ̀lú 720 sí 576, ìlọ́po mẹ́rin VCD. Síbẹ̀ kíá làwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í ki fíìmù mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí síídì kan tí kò gbà ju gígábáìtì 4.7 lọ, débi pé dátà tó kan fíìmù kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Apẹ̀rẹ̀ ọsàn Fìdítì lè fẹ̀ bó ti wù kó fẹ̀, bí ọsàn inú rẹ̀ kò bá pọ̀, òfìfo la rù. Lẹ́yìn náà, fáìlì fídíò 3GP ti 176 sí 144 wá sórí fóònù, ìdá mẹ́rin VCD péré, wọ́n sì wò ó. Lónìí Netflix ń ta 4K, fíìmù Aníkúlápó sì ti wà níbẹ̀ láti 2022. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ra dátà, ọgbọ́n ìdìpọ̀ HEVC ti 2013, tó lè fi nǹkan bí ìdajì dátà tí H.264 tó ṣáájú rẹ̀ ń lò gbé àwòrán kan náà, ló ṣe é lóore jù.