Ta Ló Ń Yan Kọ̀ǹpútà Fún Wa?

Ẹ̀yin ará, bí a ṣe ń múra àtira kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kugbo, ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2007. Lọ́dún náà, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré Classmate ti Intel, 17,000, wá sí àwọn ilé ìwé Nàìjíríà. Mandriva Linux ni ètò tí yóò máa darí wọn. Àdéhùn ti parí kó tó di pé a gbọ́ pé Windows ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, bá kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Nígbà tó yá, àjọ ìjọba tó ń náwó sí púpọ̀ nínú wọn ní Linux làwọn ṣì fẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń jà. Ọmọ ilé ìwé ló máa lò ó.

Linux kì í gba owó. Windows ló pọ̀ jù ní ọ́fíìsì. Mac lágbára, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Káfíńtà Kugbo kì í gé pákó láìkọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa jókòó. Lúùkù 14:28 náà ní ká jókòó ṣírò. Torí náà, ká tó náwó ìjọ, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọmọ wa: iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe? Bó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe?