Láti Malpasset dé TELEMAC: Bí Ìmọ̀ Ìrìn Omi Ṣe Di Ti Gbogbo Ayé

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, ọdún 1959, dáàmù Malpasset, tí wọ́n fi sé odò Reyran ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ya lójijì. Omi náà rọ́ lọ sí ìlú Fréjus, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 400. Lẹ́yìn àjálù náà, àwọn ọlọ́pàá wọn ibi tí omi ga dé ní ọ̀gangan kọ̀ọ̀kan. Tíránsífọ́mà mẹ́ta tí omi bàjẹ́ náà tún jẹ́rìí: àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú ló fi ìgbà tí omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ hàn.

Ìmọ̀ tí a fi ń ṣírò ìrìn omi ti wà ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1871, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, Barré de Saint-Venant, gbé ìlànà ìṣirò tó so jíjìn omi mọ́ eré rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà pọ̀ ju agbára ọwọ́ lọ fún irú omi Malpasset. Ìdí nìyẹn tí ibùdó ìwádìí omi ti EDF, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ Faransé, fi mọ àwòṣe àfonífojì náà ní ọdún 1964, ní ìdá kan nínú 400 ìtóbi rẹ̀, tí wọ́n sì da omi sí i.

Ní ọdún 1987, ibùdó kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sọ́fítíwià TELEMAC. Jean-Michel Hervouet wà lára àwọn aṣíwájú iṣẹ́ náà. TELEMAC a máa pín ilẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ igun mẹ́ta kéékèèké, a sì máa ṣírò gíga omi àti eré rẹ̀ káàkiri. Láti dán an wò, wọ́n tún omi Malpasset dà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé àmì àwọn ọlọ́pàá, àsìkò àwọn tíránsífọ́mà àti àwòṣe ọdún 1964.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títà ni wọ́n ń tà á. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹnikẹ́ni lè gbà á, kà á, kí ó sì tún un ṣe. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Bí ìjọba bá ní kí a wó ilé nítorí omíyalé, ó yẹ kí onílé lè rí ẹni bá a yẹ ìṣirò náà wò.

Àmọ́ sọ́fítíwià kì í dá mọ ilẹ̀. Ìbàdàn kò gbàgbé omi Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, ṣùgbọ́n ìrántí nìkan kò tó fún ìṣirò. Ibo ni omi náà ga dé lára ògiri? Aago mélòó ló dé Mọ́kọ́lá, aago mélòó ló dé Dùgbẹ̀? Àwọn tó rí i kò ní wà láéláé. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.