Òfin Àmì Ọjà: Ta Ni Ó Ni Orúkọ Gààrí Wa?

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nínú ọjà, orúkọ rere gan-an ni owó. Bí oníbàárà bá ti jẹ gààrí tó dùn, ibi tí wọ́n ti yan án ni yóò máa béèrè. Ta wá ni ó ni orúkọ náà? Ìbéèrè yìí kan àwọn tó ń yan gààrí, tó ń sá láfún, tó sì ń ṣe epo pupa ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, lẹ́yìn odi Ìbàdàn.

Ìjọba amúnisìn ni ó gbé òfin àmì ọjà dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìsopọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní ọdún 1914, òfin kan náà ká gbogbo Nàìjíríà. Kòkó àwọn baba wa ń lọ sókè òkun nínú àpò, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó wà lára ṣokoléètì.

Lẹ́yìn òmìnira, a ṣe òfin tiwa ní ọdún 1965, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1967. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1938 ni a wò ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tuntun rọ́pò tiwọn ní ọdún 1994. Àwa di tiwa mú. Òfin náà kò jẹ́ kí ó rọrùn fún ẹnìkan láti sọ orúkọ ìlú lásán di àmì tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí Mọ́níyà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún àmì ìjẹ́rìí: ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kì í ta ọjà náà lè gba àmì, kí ó sì gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tí yóò lò ó.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ṣe àtúnṣe sí ti ọdún 1965. Iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ènìyàn, ìrísí ọjà, ohun tí a fi dì í àti àkópọ̀ àwọ̀ rẹ̀ wá wà lábẹ́ òfin.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ tí a gbà l'Ábújá kì í sọdá ibodè. Ètò Madrid, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1891, ń jẹ́ kí ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ghana wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2008. Ní ọdún 2015, OAPI, àjọ tí Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, wọlé pẹ̀lú. Nàìjíríà sì wà lóde. Ẹni tó bá fẹ́ ta láfún dé Lọ́ńdọ̀nù àti Accra ní láti forúkọ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì náwó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2021, lábẹ́ òfin OAPI kan náà, orúkọ ọ̀pẹ̀yìnbó Allada di ohun tí òfin ń dáàbò bò fún àwọn àgbẹ̀ Benin tó ń gbìn ín.

Ó yẹ kí Nàìjíríà wọ ètò Madrid. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àmì nílé kò ní ohun tí yóò gbé lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lo àyè àmì ìjẹ́rìí tó ti wà láti ọdún 1965, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ níbi tó ti wúwo.