Maciste, Goldie àti Ogun Tápà ní Ilẹ̀ Okun

Ní ọdún 1914, àwọn ará Ítálì gbé fíìmù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cabiria. Giovanni Pastrone ló darí rẹ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn ará Kátéèjì, ìlú ńlá àtijọ́ tó wà ní etíkun Áfíríkà níbi tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, fẹ́ fi ọmọdébìnrin kan rúbọ sí òrìṣà wọn. Ọmọ Róòmù kan gbéra láti gbà á là, ṣùgbọ́n ẹrú rẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi. Ẹrú ló gbé ọmọ náà sá, ẹrú ló fi ọwọ́ lásán tẹ irin fèrèsé ẹ̀wọ̀n. Maciste ni orúkọ rẹ̀. Bartolomeo Pagano tó ṣe é jẹ́ alágbàṣe tó ń ru ẹrù ní èbúté Genoa. Òyìnbó ni, wọ́n kàn kun ara rẹ̀ dúdú ni.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ẹrú yìí ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, débi pé láti ọdún 1915 ni Maciste ti ń ní fíìmù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́ di akọni, wọ́n kọ́kọ́ wẹ dúdú náà kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1937, Mussolini ṣí Cinecittà, ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní Róòmù. Ọdún yẹn kan náà ni Scipione l'africano jáde, ìtàn balógun Róòmù tó ṣẹ́gun Hannibal ti Kátéèjì. Kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà tí ọmọ ogun Ítálì wọ Addis Ababa. Ẹni tí a pòwe fún kò nílò ìtumọ̀.

Àsìkò tí fíìmù onídà-òun-sálúbàtà wá gbòde ni 1958, nígbà tí Pietro Francisci fi Steve Reeves, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba oyè Mr. Universe ní 1950, ṣe Hercules. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1965, wọ́n ń tú wọn jáde bí ẹní ń yan búrẹ́dì. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ààfin tí wọ́n kọ́ fún ti oṣù yìí ni wọ́n tún ń lò fún ti oṣù tó ń bọ̀. Èdè tí oníbàárà bá fẹ́ ni wọ́n ń fi bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Iṣan apá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé nílé sinimá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pàdánù ohun púpọ̀.

Ní àwọn abúlé àríwá Nàìjíríà, níbi tí ìjọba pín Kàbà sí, ọkọ̀ ìjọba ló ń gbé fíìmù kiri. Ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe Hercules. Majigi ni àwọn Hausa ń pe irú ìran bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà bá ti Umaru Majigi mu, Etsu Nupe àwọn ọdún 1870, tí kì í ṣe eré ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní ilẹ̀ Okun.

Ìtàn kan náà ni ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyí ń sọ. Ìkà ọba jẹ gàba lórí ìlú kan. Àwọn ará ìlú ń fọ́ òkúta, wọ́n ń sunkún. Alágbára kan yọ láti ọ̀nà jíjìn, ó wó òpó ààfin, ó pa ìkà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní 1960, ọdún òmìnira tiwa gan-an, Maciste padà dé nínú Maciste nella valle dei re, ó lọ gba àwọn ará Íjíbítì sílẹ̀. Ará Íjíbítì kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, lójú àwọn tó kọ ìtàn náà.

Ilẹ̀ Okun ti rí fíìmù yìí kí wọ́n tó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1800 sí 1897, ogun Tápà kó Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ènìyàn sì wà nínú ohun tí wọ́n ń san. Àwọn kan sá gun orí òkè lọ tẹ̀dó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, George Goldie, olórí Royal Niger Company, kó ogun láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, níbi tí Makun Muhammadu, balógun Tápà, pàgọ́ sí. Àwọn Tápà ti kó kúrò kí ó tó dé. Ó kọjá sí Bídà, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Ó kéde pé láti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣàkóso.

Àwọn wo ló bá a jà? Àwọn ọ̀gá òyìnbó bí 30, àti ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó lé ní 500, Hausa àti Yorùbá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláàárù tó fi orí ru ìbọn ńlá àti ọta rẹ̀ gba inú igbó kọjá. Seymour Vandeleur, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà, kọ ìwé nípa ogun yìí ní 1898, Goldie sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Orúkọ àwọn ọ̀gá ni ìtàn gbé lọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún Maciste ni wọ́n ṣe fún àwọn tó ru ìbọn: iṣẹ́ dúdú, ògo funfun.

Alágbára ti inú fíìmù kì í béèrè owó. Ti Goldie kò rí bẹ́ẹ̀. Òwò Odò Ọya àti àwọn Faransé tó ń súnmọ́ tòsí ló gbé e dìde. Lẹ́yìn tí Bídà ṣubú, ta ni ó fi jẹ Etsu? Makun Muhammadu kan náà tó pàgọ́ sí Kàbà. Nígbà tí Goldie yí ẹ̀yìn padà, Etsu Abubakar tí ó lé kúrò padà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ní 1901 ni ogun Lugard tún lé e, tí wọ́n sì tún gbé Muhammadu gorí oyè. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù Ítálì tó fi igbákejì ìkà jọba kí orin ìparí tó dún.

Ní 2024, Lisabi: The Uprising sọ ìtàn Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́, idà sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ ará ìlú ni Lísàbí, ará ìlú sì ni àwọn ẹgbẹ́ àáró tí ó kó jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá máa fi Kàbà 1897 ṣe fíìmù, èmi kò ní fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin Goldie. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́yìn aláàárù kan lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ẹrù lórí rẹ̀, ọmọ Bùnú kan tó ń yọjú láti orí òkè, tí kò sì tíì mọ ogun ta ló ń bọ̀.