Ìwé A Máa Pẹ́ Ju Idẹ Lọ

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni o ti pe ọ̀rọ̀ náà ‘wákàtí’, ṣùgbọ́n bóyá ni o ti bi ara rẹ léèrè rí ibi tí ó ti wá. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti ṣẹ̀ wá. Kò sì yẹ kí èyí yà ọ́ lẹ́nu, nítorí pé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣàṣà ni àwọn ènìyàn tí ó ṣe aápọn lórí wíwọn àkókò tó àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn wọn pàṣẹ ìrun márùn-ún lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àkókò tirẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn ni atọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo oòrùn, tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, ọgbọ́n mìíràn ni a ní láti dá.

Omi ni wọ́n fi dá ọgbọ́n náà. Bí o bá lu ihò kékeré sí ìdí ìkòkò tí ó kún fún omi, omi náà yóò máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí a bá mú kí ó máa jò bákan náà, a lè fi omi tí ó ti jáde mọ iye àkókò tí ó ti kọjá. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn ará Gíríìkì ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Àwọn Mùsùlùmí gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú, wọ́n sì fi tiwọn kún un.

Ní ọdún 807, àwọn ikọ̀ Harun al-Rashid, ọba Baghdad, gbé ẹ̀bùn lọ fún Charlemagne, ọba àwọn Frank ní ilẹ̀ Yúróòpù. Agogo omi tí a fi idẹ ṣe wà lára ẹ̀bùn náà. Bí wákàtí bá pé, ọta idẹ kéékèèké a já bọ́ sórí àwo idẹ, àwo náà a sì dún gooro. Nígbà tí wákàtí 12 bá pé, ère ẹlẹ́ṣin 12 a jáde láti ojú fèrèsé 12. Ẹnu ya gbogbo ààfin. Akọ̀wé ọba kọ ohun tí agogo náà ń ṣe sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ bí a ti ṣe é, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Lónìí, agogo náà kò sí mọ́, ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti bá a lọ. Fi èyí sọ́kàn bí a ti ń tẹ̀síwájú.

Jẹ́ kí á wá lọ sí ìlú Damascus ní ilẹ̀ Síríà. Ní ayé ọba Nur al-Din, tí ó ṣàkóso ìlú náà láti ọdún 1154 títí di 1174, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Muhammad al-Sa'ati ṣe agogo omi ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà Jayrun, lẹ́bàá Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú náà. Ìtumọ̀ al-Sa'ati ni Aláago. Arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Spéìnì, Ibn Jubayr, fojú ara rẹ̀ rí agogo náà ní ọdún 1184. Ó sọ pé àṣá méjì tí a fi idẹ ṣe wà níbẹ̀. Bí wákàtí kan bá parí, wọn a na ọrùn, wọn a sì ju ọta idẹ láti ẹnu wọn sínú abọ́, gbogbo ènìyàn a sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ní òru, iná àtùpà ni ó ń fi wákàtí hàn lẹ́yìn dígí.

Nígbà tí Muhammad kú, agogo náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n wọn kò rí i tún ṣe, nítorí pé orí Muhammad ni ìmọ̀ náà wà, Muhammad sì ti wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé, iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ridwan, ọmọ Muhammad, jẹ́ oníṣègùn, ṣùgbọ́n ó gbé ìwé ìṣègùn sílẹ̀ díẹ̀, ó sì tún iṣẹ́ baba rẹ̀ ṣe. Kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1203, ó kọ odidi ìwé kan lórí agogo náà, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì ṣe àlàyé bí a ti ṣe oríkèé rẹ̀ gbogbo, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má bàa ṣe làálàá lásán.

Ní àkókò kan náà, ní ìlú Amid tí ó wà ní etí odò Tigris, tí a ń pè ní Diyarbakır lónìí ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọlọ́gbọ́n mìíràn wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ismail al-Jazari. Ó ti sin ìdílé ọba ibẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí ọba Nasir al-Din Mahmud rí àwọn ohun àrà tí ó ti ṣe, ó pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ìwé nípa wọn, kí làálàá rẹ̀ má bàa ṣègbé. Al-Jazari parí ìwé náà ní ọdún 1206. Ohun èlò 50 ni ó ṣe àlàyé wọn níbẹ̀, agogo sì ni mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn dà bí erin. Inú erin náà ni omi wà, abọ́ tí a lu ihò kékeré sí ní ìdí sì léfòó lórí omi náà. Omi ń wọ inú abọ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rì lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bí ó ti ń rì, ó ń fa okùn, okùn náà sì ń tú ọta idẹ kan sílẹ̀ lókè. Ọta náà bọ́ sẹ́nu ejò ńlá kan. Ejò tẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀, ó sì fa abọ́ náà sókè padà. Bí ejò bá ti ju ọta náà nù, òun náà padà sí àyè rẹ̀, ère ọkùnrin tí ó gun erin lu ìlù, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun tí ó rì gan-an ni ó fi rírì rẹ̀ pèsè agbára tí yóò tún gbé e dìde!

Ìwà méjì ni mo fẹ́ kí o kọ́ lára ọkùnrin yìí. Èkíní ni pé kò gba ohunkóhun gbọ́ láìdán an wò. Ó sọ pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò tíì fi ọwọ́ ṣe kò tíì kúrò ní àárín òtítọ́ àti irọ́. Èkejì ni pé kò fi ọgbọ́n ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀. Ó dárúkọ Archimedes, ará Gíríìkì, ó sì sọ ohun tí ó rí kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àwọn agogo tí al-Jazari fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò sí mọ́ lónìí. Ti Damascus pẹ̀lú kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ń da ìwé al-Jazari kọ láti ìran dé ìran. Ní ọdún 1974, Donald Hill túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1976, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú London, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, wọ́n sì tún agogo rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ kọ́, èyí tí ó ní ilẹ̀kùn 12, àṣá méjì, àti àwọn ère onílù àti afunfèrè. Ẹni tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ kọ́ àwọn alààyè ní iṣẹ́.

Wàyí o, ìwọ ńkọ́? Bóyá ìyá rẹ mọ aró dá, tí ó mọ ìgbà tí aró dé ojú ààmì láìwo ohunkóhun. Bóyá baba rẹ àgbà mọ ewé tí a ń fi wo ibà, tàbí ó mọ igi tí ó yẹ láti fi gbẹ́ ìlù. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé orí wọn nìkan ni ìmọ̀ náà wà, ó dà bí agogo Baghdad: ayé yóò ròyìn pé ó dára, kò sì sí ẹni tí yóò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìwọ tí a fi owó làálàá rán ní ilé-ìwé, kì í ṣe kí o lè ka ìwé ẹlòmíràn nìkan ni a ṣe rán ọ. Mú ìwé àti kálàmù, jókòó ti àwọn àgbà, béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, kí o dán an wò, kí o dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Omi inú ìkòkò ń jò lọ, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.