Eesti Pank: Báńkì Tó Kú Tó Tún Jí

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1919 ni wọ́n dá Eesti Pank, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Estonia, sílẹ̀ ní Tallinn. Ogun òmìnira ò tíì parí nígbà náà. Ọdún 1928 ni owó wọn, kroon, wọlé. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì gba ilẹ̀ náà ní 1940, Eesti Pank di ẹ̀ka Gosbank, báńkì ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow, ruble sì gbapò kroon.

Báńkì ayé Gosbank kì í ṣe báńkì bí a ti mọ̀ ọ́n. Moscow ti pinnu iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Bóyá yóò rí i san padà kọ́ ni wọ́n ń wò. Owó orí ìwé ni ilé-iṣẹ́ fi ń ra irin àti èédú, owó oṣù nìkan ló ń jáde ní bébà, wọn kì í sì jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀. Mẹ̀kúnnù ń fi owó pamọ́ nítorí pé kò sí ọjà ní ìsọ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó dé lẹ́yìn 1990, owó tí àwọn àgbà fi gbogbo ayé wọn kó jọ di yẹpẹrẹ. Ó ń dun èèyàn gan-an.

Wọ́n tún Eesti Pank dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1990. Siim Kallas ló ń darí rẹ̀ nígbà tí kroon padà wọlé ní 20 oṣù Kẹfà 1992. Ẹni tó mú 1,500 ruble wá gba 150 kroon. Iye tí ẹnì kan lè fi pààrọ̀ ní iye yẹn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kroon 8 jẹ́ mark Jámánì 1. Òfin sì de báńkì náà: kò gbọdọ̀ tẹ kroon tí wúrà tàbí owó òkèèrè kò dúró fún, kò sì gbọdọ̀ yá ìjọba lówó. Wúrà tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti kó sí òkèèrè kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Sweden ti jẹ́ kí tọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ta tiẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì san dípò rẹ̀ ní 1992.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí ìdánwò fi dé. Ní oṣù Kọkànlá, Eesti Pank dá báńkì òwò mẹ́ta dúró. Ọ̀kan nínú wọn, Tartu Kommertspank, ò tún ṣílẹ̀kùn mọ́, àwọn tó fowó pamọ́ síbẹ̀ sì pàdánù. Ìpinnu náà le, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó tọ́: bí wọ́n bá tẹ owó láti gba báńkì náà là, kroon tuntun ìbá ti bá ruble lọ.

Euro ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti 1 oṣù Kìíní 2011. Ẹni tó bá ṣì rí kroon nínú àpótí ìyá rẹ̀ lè mú un lọ sí Eesti Pank títí dòní, kroon 15.6466 ni euro kan, wọn ò sì dá ọjọ́ tí pàṣípààrọ̀ náà yóò parí.